Ẹ Fi Nọ́ńbà Sí Kọ́nà Òkè Ẹ̀fọ̀n

Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, sí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí Iṣẹ́ Òde, àti sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì

 

Ọ̀nà kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé bí àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá, èyí tí aráyé mọ̀ sí páwà báìkì, bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú wọn á máa tàn. Ìwàràjà lẹ́yìn Iléṣà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Ẹ̀rìnmọ̀ kọjá, ó gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtáwùrẹ́ àti Arámọkọ kó tó dé Adó-Èkìtì. Òkè ní ọ̀tún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní òsì. Kọ́nà kan kò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tàbí Ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ alálùpùpù á gbéra láti Ìbàdàn ní kùtù hàì, wọ́n á gun òkè yìí, wọ́n á jẹun lọ́hùn-ún, wọ́n á sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí ọ̀nà yìí la ṣe kọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ náà la fi ṣe ẹlẹ́rìí, torí kò sí ẹni tó mọ kọ́nà bí ẹni tó ń fi táyà méjì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí lẹ́tà yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún ju tiwọn lọ. Ọlọ́kadà tó ń gbé ìyá àgbà bọ̀ láti oko wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èrò bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ wọn ń sáré kí ilẹ̀ má ṣú bá a lórí òkè. Ohun tí à ń béèrè kò gba owó gọbọi: ẹ fi nọ́ńbà sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa gbá iyanrìn kúrò lójú wọn, ẹ má jẹ́ kí tírélà dúró síbẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi ìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yìí kọ́ àwọn ọlọ́kadà tó ń gun òkè náà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìrìn ọjọ́ kan bó ṣe máa ń rí. Láti Ìbàdàn, wọ́n á kọjá Aṣéjìrẹ́, wọ́n á dé Ìkirè níbi tí àwọn ìyá ti ń ta dòdò aláta tó ti dín dúdú, wọ́n á gba Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ dé Iléṣà. Ní Ìwàràjà, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí Àkúrẹ́: ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa katakátá tó ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba amúnisìn ní 1928, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó di oníwàásù. Èkejì lọ sí Ẹ̀fọ̀n, níbi tí wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ni baba náà kó tó di wòlíì, ó sì tọ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọ̀nà bá dé agbègbè yìí.

Lẹ́yìn Ẹ̀rìnmọ̀ ni ilẹ̀ ń ga. Omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní ìpele méje, kò jìnnà síbẹ̀. Ìkọ̀gòsì náà wà níwájú, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé. Irú ibi báwọ̀nyí ni àwọn alálùpùpù ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń ra iyán àti ohun mímu lọ́wọ́ ará ìlú. Owó náà lè kéré lójú ìjọba, àmọ́ ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná láti àárọ̀ mọ ìwúlò rẹ̀.

Ariwo ẹ́ńjìnnì, aṣọ awọ àti àṣíborí tó bojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, wọ́n á sì pè wọ́n ní ọmọ ìta. Ẹ súnmọ́ wọn kí wọ́n tó gbéra. Ní ilé epo tí wọ́n ti pàdé, olórí ìrìn á ní kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀. Wọ́n á wọn atẹ́gùn inú rẹ̀, wọ́n á ti èékánná bọ ojú ìlà ara táyà wò bóyá ó ṣì jìn, wọ́n á fa ṣéènì wò bóyá ó ti dẹ̀ jù, wọ́n á tẹ búréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tan iná àti tirafigétọ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá ti jẹ tán, wọ́n á ní kó padà sílé, ì báà jẹ́ òun ló ń dá owó jù nínú ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò. Ẹni tó mọ ọ̀nà jù ló ń ṣíwájú. Ẹni tó ti pẹ́ jù nídìí alùpùpù, tó gbé irinṣẹ́ àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì dání, ló ń kẹ́yìn. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn òun. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì yá, ẹ̀yìn olórí gan-an ni wọ́n ń gbé wọn sí, nítorí ìdí ìlà gígùn ni eré àsápajúdé ti máa ń wáyé, níbi tí ẹni tó kẹ́yìn ti ń lé àwọn tó kù bá. Lójú títì tó tẹ́, wọn kì í tò sórí ìlà kan ṣoṣo: ọ̀kan á gba ọwọ́ òsì, èyí tó tẹ̀lé e á gba ọwọ́ ọ̀tún, kí olúkúlùkù lè ráyè tẹ búréèkì. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi sáàárín ara wọn àti ẹni tó wà ní ọwọ́ kejì, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí ẹni tó wà tààrà níwájú wọn. Àjọ Motorcycle Safety Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973, ló ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ń gbani níyànjú pé kí ọ̀wọ́ kan máa jẹ́ alálùpùpù márùn-ún sí méje. Bí wọ́n bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, olórí á na ìka kan sókè. Ó di ìlà kan ṣoṣo nìyẹn, oníkálukú á sì fún ara wọn láyè.

Kọ́nà orí òkè kò gba ìwàǹwára. Ibi tí táyà alùpùpù kan ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí ìwọ̀nba yẹn sì ni ẹ̀mí ẹni tó gùn ún wà. Kó tó wọ kọ́nà ló gbọ́dọ̀ ti dín eré kù, kó ti já jíà wálẹ̀, nítorí bó bá tẹ búréèkì líle nígbà tí alùpùpù ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà lè yọ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí kọ́nà ti ń parí. Bó bá tẹjú mọ́ etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni alùpùpù máa gbà lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó sì gbọ́dọ̀ dúró ní apá tirẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti òkè tí awakọ̀ rẹ̀ ti gé kọ́nà náà já.

Gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó gun alùpùpù. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn yín. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á wọ́ iyanrìn àti òkúta wẹẹrẹ láti ara òkè wá sójú ọ̀dà, inú kọ́nà gan-an ni wọ́n sì ń kó jọ sí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ á gba orí rẹ̀ kọjá, awakọ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára. Alùpùpù á yọ̀ ṣubú. Ọkọ̀ agbépo tí búréèkì rẹ̀ ti gbóná bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ á dúró sójú kọ́nà, dísù á máa kán sílẹ̀, awakọ̀ á já ewé igi sẹ́yìn ọkọ̀ láti fi ṣe àmì pé ọkọ̀ òun bàjẹ́. Ìdí ọkọ̀ náà gan-an ló máa ń ju ewé sí. Kí ẹni tó ń yọ bọ̀ ní kọ́nà tó rí ewé, ó ti rí ọkọ̀, kò sì sí àyè láti dúró mọ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ alálùpùpù ńlá ń gba ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ti ọlọ́kadà. Ẹ́ńjìnnì máṣíìnì rẹ̀ lè má ju 100cc tàbí 125cc lọ. Síbẹ̀ ẹ ó bá a tòun ti èrò méjì, ọmọ kan láàárín wọn, kẹ́ẹ̀gì epo pupa níwájú, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, tó ń wọ kọ́nà kan náà. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 sọ pé èrò kan ṣoṣo ni alùpùpù gbọ́dọ̀ gbé, kí ẹni tó ń gùn ún àti èrò rẹ̀ sì dé àṣíborí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà tó ní àṣíborí ló ń so ó mọ́ ara máṣíìnì, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n tó gbé e dé.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn àṣíborí yìí. Nígbà tí ẹ̀yin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní oṣù Kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, ìròyìn náà sì kàn káàkiri ayé. Wọ́n fi àwọn èèyàn wa ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín: àṣíborí gidi wọ́n lójú wọn, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé ọlọ́kadà lè ti fi oògùn sínú èyí tó bá gbé fún wọn. Ìwádìí ti fi hàn pé fún alálùpùpù tó bá ní ìjàm̀bá, àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Igbá kò lè ṣe ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ó tẹ̀lé òfin ọjọ́ náà ni ọ̀nà tí ọlọ́kadà fi lè rí àṣíborí tó dára rà díẹ̀díẹ̀, bóyá nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ṣì lè ṣe é lónìí.

Ìlú ńlá ti gbìyànjú láti fi ìdènà yanjú ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ní 2012, Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin lé èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc kúrò lórí àwọn títì ńlá rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Kí àwa má ṣe ṣe irú rẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Bí ẹ bá lé ọlọ́kadà kúrò níbẹ̀, orí ni àgbẹ̀ máa fi ru iṣu wálé. Iyanrìn tó ń gbé máṣíìnì kékeré ṣubú náà ló ń gbé ńlá ṣubú, kì í béèrè cc lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ibòmíràn wà tí ẹ lè wò. Ọ̀nà US 129 ní Deals Gap, níbi tí North Carolina àti Tennessee ti pààlà ní Amẹ́ríkà, ní kọ́nà 318 nínú máìlì 11 péré, alálùpùpù sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Tírélà gígùn kò lè gba kọ́nà ibẹ̀ láìbọ́ sí apá ẹni tó ń bọ̀. Ìjọba Tennessee kò lé àwọn alálùpùpù. Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ ni wọ́n fòfin dè níbẹ̀ ní 2015. Ní Jámánì, wọ́n ń fi irin kejì sí ìsàlẹ̀ irin ààbò tó wà létí àwọn kọ́nà kan, nítorí ẹni tó bá já bọ́ lórí alùpùpù máa ń yọ̀ lọ sábẹ́ irin òkè, á sì lọ fi ara gbá òpó. Lórí òkè Stelvio ní Ítálì, kọ́nà 48 tó wà ní ìhà Prato ló ní nọ́ńbà, pátákó kọ̀ọ̀kan sì dúró níbi kọ́nà rẹ̀. Nílé níbí, ọ̀nà tó gun orí òkè Obudu ní Cross River ní kọ́nà 22 nínú nǹkan bíi kìlómítà 11, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti fìgbà kan sọ ọ́ di ibi tí àwọn eléré ìje ń wá fẹsẹ̀ sá gùn. Òkè tí wọ́n bá tọ́jú ń pa owó wọlé.

Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà yóò ṣe. Ká ní alùpùpù ṣubú láàárín Ẹ̀rìnmọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó rí i á pe 122, nọ́ńbà pàjáwìrì tí àjọ yín fún ará ìlú. Wọ́n á bi í pé níbo. Kí ló fẹ́ sọ? “Ní kọ́nà kan báyìí, lẹ́yìn igi ńlá kan, kí ẹ tó dé Ẹ̀fọ̀n.” Igi ńlá tó wà lójú ọ̀nà yẹn kò lóǹkà. Ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì tún wà láàárín ìlú méjì náà, ti Ọ̀ṣun lè máa rò pé ti Èkìtì ló ń lọ, ti Èkìtì náà lè máa wo ti Ọ̀ṣun, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lára ẹni tó wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pátákó kan dúró níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Kọ́nà 9” sí gàdàgbà, tí 122 wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nínú gbólóhùn kan. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kọ́nà á mọ èyí tó yá láti gbé aláìsàn lọ. Àwọn tó ń gbálẹ̀ náà á mọ kọ́nà tí iyanrìn pọ̀ sí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé àkọsílẹ̀ yín á sọ kọ́nà tó ń pani, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbé irin ààbò lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìyókù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà náà máa rán àwọn agbálẹ̀ jáde lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n máa ro igbó inú kọ́nà lulẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí òdìkejì. Kí Iṣẹ́ Òde la gọ́tà tó dí. Kí wọ́n sì fẹ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, níbi tí tírélà lè yà sí kí búréèkì rẹ̀ tutù, kí awakọ̀ tó bá dúró sójú kọ́nà má rí àwíjàre kankan.

Àwọn ẹgbẹ́ alálùpùpù náà kò pé tán. A rí nínú wọn tó ń sọ òkè di pápá ìdíje, tó ń fi eré àti ariwo gba àárín ìlú kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n á to ọgbọ̀n alùpùpù sójú kan bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó. Irú wọn, ẹ mú wọn. Ẹ sọ ọ́ di dandan pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gun òkè náà á pín ara rẹ̀ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, á sì fi tó ọ́fíìsì yín tó súnmọ́ jù létí ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní í kọ̀.

Àjọ yín ti mọ iyì ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́, ẹni tó ti kọ eré oníṣe The Road jáde ní 1965 nípa ikú àti àwọn awakọ̀. Ẹ ní àwọn Special Marshal, ará ìlú tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. Ẹ mú àwọn alálùpùpù tó dáńtọ́ mọ́ wọn, kí ẹ fi wọ́n sórí òkè yìí ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọlọ́kadà Ẹ̀fọ̀n àti Ẹ̀rìnmọ̀ níṣẹ́ lórí pápá tó tẹ́. Búréèkì iwájú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní ó ń gbé èèyàn jù. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí alùpùpù bá fẹ́ dúró, ẹrù rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, táyà iwájú á wá di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá ń fi ti ẹ̀yìn nìkan dúró lórí ìdagẹ̀rẹ́, táyà ẹ̀yìn á dì, á wọ́, á sì fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀sán kan ti tó láti fi kọ́ èèyàn bí a ṣe ń fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n tó wá kọ́ ọ bí a ṣe ń dín eré kù ṣáájú kọ́nà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù, kí àgbàrá tó tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, bí àwọn ọmọ Èkìtì ṣe ń ti Èkó àti Ìbàdàn lọ sílé ọdún, nítorí náà, kí nọ́ńbà ti wà lójú kọ́nà ṣáájú ìgbà náà. Ẹ yan àárọ̀ ọjọ́ kan. Kí aṣojú Ọ̀ṣun, ti Èkìtì, ti Iṣẹ́ Òde àti ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó pàdé ní Ìwàràjà, kí ẹ pe ẹgbẹ́ alálùpùpù kan àti àwọn olórí ọlọ́kadà agbègbè náà sí i, kí ẹ jọ ka kọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé Ìtáwùrẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ.